Imú Tí Wọ́n Fi Ń Yẹ Omi Wò

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Lẹ́yìn Ọ́fíìsì Omi.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Ṣé ara ìyàwó wa ti mókun lẹ́yìn ìkúnlẹ̀? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fojú ba oorun? Èmi náà wà láàyè, àfi ikọ́ tó ń bá mi ṣeré.

O bi mí pé ṣé omi ẹ̀rọ àdúgbò tí ẹ fẹ́ kó lọ dára, nítorí èmi ni mò ń tẹ èsì àyẹ̀wò omi ní ọ́fíìsì wa. Ìwé tó wà níwájú mi ní ó dára. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Òórùn: kò sí." Ohun tó kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awọ wà lẹ́yìn àdúgbò náà, gọ́tà wọn sì ń ṣàn lórí páìpù wa tó ti dípẹtà. Omi wo ni yóò gba ibẹ̀ kọjá fún oṣù mẹ́jọ tí kò ní rùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Mo bá tẹ̀ lé ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ lọ́jọ́ Túsìdé. Baba Onígò là ń pè é, torí kì í rìn kí ìgò má dún woroworo nínú àpò rẹ̀. Ìyá onílé kan ṣí ẹ̀rọ fún wa. Òórùn awọ jíjẹrà gbá mi lójú, mo fà sẹ́yìn. Baba Onígò gbé ìgò sí imú, ó fa èémí wọlé dáadáa, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: "Kò sí."

Ìyá onílé wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin baba yìí, ṣé imú yẹn ń ṣiṣẹ́ ṣá, àbí ẹ kàn gbé e kọ́ ibẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ baba kò rín. Bí a ṣe ń padà bọ̀ ló jẹ́wọ́ pé láti ìgbà tí òun ti ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, òun kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. "Àbúrò, má jẹ́ kó dé etí ọ̀gá o. Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé, ọdún méjì péré ló sì kù kí n fẹ̀yìn tì."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Síbẹ̀ mo lọ tú ìwé àtijọ́ wò. Obìnrin kan ló ń yẹ omi àdúgbò yẹn wò tẹ́lẹ̀. Ó kọ "ó ń rùn" lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ọ̀gá wa gbé e kúrò, ó sì fi Baba Onígò rọ́pò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí baba ti ọsibítù dé. Ta ló sọ pé ọ̀gá kò mọ̀? Nínú gbogbo òpópónà tó wà nílùú, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ló gbé ẹni tí kò gbóòórùn sí? Ó lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Èmi ò gbà.

Mo fi ìwé náà han baba. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Àṣé àìsàn mi ni wọ́n gbà síṣẹ́, kì í ṣe èmi." Ó gba fọ́ọ̀mù ọjọ́ Túsìdé lọ́wọ́ mi, ó fagi lé "Kò sí", ó wá kọ ọ́ pé: "Ìyá onílé àti akọ̀wé ní ó ń rùn. Èmi kò gbóòórùn mọ́." Ó buwọ́ lù ú.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá dá a padà fún mi. Ó kàn so fọ́ọ̀mù tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kí n tẹ òmíràn. N kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà èyí tí baba buwọ́ lù ló wà nínú àpòòwé yìí.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o sì gbé ìkókó jó fún mi. Má kó wọn lọ síbẹ̀. Bí onílé bá ń búra pé omi òun dára, ní kó bu ife kan mu níṣojú rẹ.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í tètè gbà,
                                        Akọ̀wé