Òwú Tí Mo Gbàgbé Láti Tú

Èmi, Ìyá Oníṣíìtì, tí kò sí ẹni tó tún ń fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí mọ́, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, aránṣọ ìjókòó ọkọ̀, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, n kò sì fẹ́ kí ohun tó wà nínú mi bá mi wọ yàrá yẹn. Ìwé ìhágún tí mo kọ ṣáájú èyí, mo ti ya á.

1. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, àti wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ni mo fi ṣe alámòójútó. Káfíńtà, mo mọ bí ẹ ṣe ń fi iṣẹ́ oníbàárà falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tèmi falẹ̀.

2. Yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì: àkọ́bí mi ọkùnrin, ẹni tó ń fi gíláàsì sí ọkọ̀, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, olùkọ́. Yàrá iwájú ni ti àkọ́bí. Inú yàrá yẹn ni mo ti lé e jáde lọ́dún méje sẹ́yìn; ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kó padà sí.

3. Máṣíìnì ìránṣọ ńlá àti sísọ́ọ̀sì mi jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin. Mo mọ̀ pé kò lè rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Kó fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló ń gbé ìkíni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún mi láti ọdún méje yìí wá, tí mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

4. Ológbò kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí wẹ́dà máa fún un lóúnjẹ. Nígbà òjò, ìjókòó ẹ̀yìn lápá òsì ló máa ń sùn sí nínú ọkọ̀ wa. Ó mọ ibi tó gbẹ ju gbogbo wa lọ.

5. Ọkọ̀ olóògbé ọkọ mi. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ náà dàgbà ju ọmọ mi obìnrin lọ. Ó ní fèrèsé kékeré lórí òrùlé, ọkọ mi sì ń fi fèrèsé yẹn yangàn bí ẹni tó kọ́ ilé alájà méjì. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, mo rán aṣọ òrùlé tuntun sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àkọ́bí mi fi gíláàsì iwájú tuntun sí i. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi kún ibi tí èrò iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Ẹni méjì ló ń wá ibi tí ọkọ̀ ti ń jò. Ọ̀kan á wà níta, á máa da omi díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èkejì á jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á ti fi ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ pa ojú oríkèé irin kí ipa omi lè hàn. Àkọ́bí mi ló máa ń da omi fún mi. Bí a bá bọ́jú, bí a bá bọ́mú, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ní í parí sí. Omi inú ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ibi tó dúró sí kọ́ ló gbà wọlé. Mo mọ èyí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí yọ gíláàsì náà tó tún un fi. Lẹ́yìn náà ló ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ aṣọ òrùlé kalẹ̀ wò. Mo ní kò sẹ́ni tó máa tú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìgbéraga ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Lọ́jọ́ òjò kan, omi dé ibi wáyà, ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà. Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀, ó ń tì í. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró. Dókítà ní ọkàn náà ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́; n kò gbọ́. Níṣojú gbogbo àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní yàrá iwájú, mo sọ fún àkọ́bí mi pé gíláàsì rẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀. Mo ní kó jáde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sórí tábìlì, ó lọ. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Òsì nìkan ni mo lò.

6. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti mọ òtítọ́. Aṣọ òrùlé náà ti pọ́n, mo bá fi sísọ́ọ̀sì là á fúnra mi. Rọ́bà tín-ín-rín kan wà ní igun, tó yẹ kó máa gbé omi fèrèsé òrùlé sọ̀kalẹ̀ síta. Wọ́n ti ká a, wọ́n sì ti fi òwú so ó. Òwú aláwọ̀ ewé, kókó méjì. Kò sí aránṣọ mìíràn ládùúgbò wa tó ń lo òwú yẹn. Rọ́bà náà ló dí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń ránṣọ. Mo so ó kí n lè ríbi ṣiṣẹ́, mo sì gbàgbé láti tú u. Gíláàsì ọmọ mi kò jò rí.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ náà títí ológbò fi sá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú fóònù láti pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ojú tì mí, tí mo gbé e sílẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, kí wọ́n bá mi sọ fún un lẹ́yìn ikú mi, kí n má baà rí ojú rẹ̀. Ìwé yẹn ni mo ya.

7. Àkọ́bí mi ni mo fún ní ọkọ̀ náà, ẹsẹ yìí kò sì gbọdọ̀ dúró de ikú mi. Wẹ́dà, mú ẹ̀dà ẹsẹ karùn-ún dé ìkeje lọ fún un lónìí. Káfíńtà, ẹ pe àwọn tó wà ní yàrá iwájú lọ́jọ́ yẹn, ẹ kà á sí wọn létí. Mo ti tú òwú náà. N kò tíì dán an wò, nítorí ẹni kan kì í dá a ṣe.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀, màá wà nínú ọkọ̀ náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì. Garawa omi méjì á wà níta. Kò pọn dandan kó bá mi sọ̀rọ̀. Kó ṣáà da omi.

Mo fọwọ́ sí i: Ìyá Oníṣíìtì
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Ẹlẹ́rìí kìíní: nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn wa, ẹni tó rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n
Ẹlẹ́rìí kejì: oníbátìrì, ẹni tó yá mi ní garawa kejì