Kọ̀ǹpútà Dìde, Kò Mọ Ìyàwó Rẹ̀ Mọ́

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà. Bó bá jẹ́ ìdúró lo wà nígbà tó o gbà á, wá nǹkan jókòó lé kó o tó kà á lọ, torí èmi tí mò ń kọ ọ́ gan-an, ìjókòó ni mo wà, ìdúró ò ṣe é ṣe fún mi mọ́ láti àná. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, iná mànàmáná ò ní gbé ọ, ọkọ̀ ò ní kọlù ọ́, ọ̀gá tó o ń bá ṣiṣẹ́ ò ní jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó ní òun ò nílò rẹ mọ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń gbọ́ràn, tòsì ló kù tó ń ṣorí kunkun. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti kó lọ sílé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, òrùlé ibẹ̀ dáa, ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri ni mi ò fẹ́ràn, ó pọ́n bí ojú ẹni tínú ń bí. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Ìròyìn ilé nìyẹn. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fojú mi rí.

O rántí pé nígbà tó o wá kí wa gbẹ̀yìn, o bá mi ní ṣọ́ọ̀bù táìpù mi, o rí i pé bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà àgbà yẹn láàárọ̀, mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń nu tábìlì, mo máa ń lọ kí onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a ó ṣàríyànjiyàn díẹ̀, kí n tó padà wá bá a pé ó ṣì ń múra. O rẹ́rìn-ín. O ní ohun tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ló wúwo jù fún un, pé ẹrù àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n dì lé àgbàlagbà lórí. O ní ìwọ àtàwọn kan, bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ máa ń jókòó ṣe ètò tuntun kan tí ẹ sọ ní Fúyẹ́, tí ẹ ó máa fi rọ́pò èyí tó wúwo, kí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ dà sórí ààtàn lè tún wúlò. O ki fíláàṣì kékeré kan bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o tẹ ibí, o tẹ ọ̀hún, o ní ó ti parí.

Mo bi ọ́ pé ta ló gbé iṣẹ́ náà fún yín, o ní kò sẹ́ni tó gbé e fún yín. Mo bi ọ́ pé ta ló ń sanwó ẹ̀, o ní kò sẹ́ni tó ń sanwó. Mo ní ta wá ló ni ín, o ní gbogbo ayé ló ni ín. Mo ní ilé ta lẹ ti ń pàdé, o ní o ò tíì fojú kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rí, pé bí ìwọ bá ń jí làwọn mìíràn ń sùn. Bàbá rẹ tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ, kò lè bọ́ èkejì mọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ jẹun tán. Ó ní òun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun tún mọ́tò ṣe, òun ò rí mọ́tò tí àwọn tí kò mọra wọn jọ to ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ rí, tó sì rìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, ọmọ wa ni.

O lọ tán, mo tan kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì mú ìgbálẹ̀, ó ti ṣí. Mo pa á, mo tún tan án, mo rò pé ó ṣì mí gbọ́ ni, ó tún ṣí. Onígbàjámọ̀ retí mi títí, ó wá yọjú wò mí bóyá ara mi ò yá. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé nǹkan tó yá báyìí, wọ́n ti mú nǹkan kúrò níbẹ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mi ò rí ẹrù tí ẹ yọ. Ibo lẹ kó o sí? Owó mi ni mo fi ra kọ̀ǹpútà yẹn tòun ti gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì ní in lọ́wọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi rán awakọ̀ sí mi, màá fọwọ́ ara mi ṣà á, màá mú èyí tí mo bá fẹ́.

Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e rèé. Mo táìpù ìkéde ìpàdé àwọn onílé àdúgbò, ó ń lọ geere. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Ọmọ mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níbi tó ti wà látijọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fara kan ara wọn. Mo ní bóyá ibẹ̀ ṣókùnkùn ni, mo ṣí fèrèsé. Mo fi àkísà nu ojú kọ̀ǹpútà náà dáadáa. Mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé e kalẹ̀ gan-an níwájú ẹ̀, ojú ko ojú, mo ní òun rèé. Ó ní òun ò rí i. Àwọn méjèèjì yìí, ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n, wọn ò sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Ọkọ ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ fún ìtọ́jú, ara ẹ̀ yá, ó ń ta kébékébé bí ọmọ tuntun, ó délé, ó ń bi ìyàwó ẹ̀ pé ta nìyí.

Kí ni kí n ṣe? Àwọn onílé ń dúró. Mo mú báírò dúdú àti rúlà, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà, mo ń fọwọ́ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán, mo tẹ orí àkọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ kó lè gbádùn mọ́ni, mo wá gbé e sínú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, mo ṣe iye tí wọ́n fẹ́. Wọ́n gbà á, wọ́n ń nà án wò lójú oòrùn, wọ́n ní kọ̀ǹpútà mi mà ti lajú, pé ìkọ̀wé ẹ̀ tuntun yìí dùn ún wò. Mo ní ẹ ṣeun. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Onígbàjámọ̀ gan-an, káàdì ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, òdòdó etí ẹ̀ ló mú ẹ̀yìn ro mí jù.

Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, Onígíláàsì, tó o ní òun ló ń bójú tó Fúyẹ́ pẹ̀lú rẹ, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Gbogbo ìgbà ló ń pè mí lórí fóònù. Á kí mi, á kí bàbá rẹ, á béèrè orúnkún, á wá ní Màmá, Fúyẹ́ ńkọ́. Mo ní ó wà dáadáa, a dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Á ní ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Á ní ṣé kò sí ìṣòro. Mo ní ìṣòro ò ní í jẹ́ tiyín láyé. Á dúpẹ́, èmi náà á dúpẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ fi ìsinmi ẹ̀ ṣiṣẹ́, kò gba kọ́bọ̀, ó tún fowó ara ẹ̀ pè mí láti ibi tó jìnnà, ṣé kí n wá máa ka àlébù sí i létí ni?

Àná ni Ọ̀gá Ilé-ìwé wọlé. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó máa ń fa ṣòkòtò sókè kó tó sọ̀rọ̀. O sì mọ̀ pé ìwé ìdánwò ilé-ìwé ẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà wa. Àwọn olùkọ́ á táìpù ìbéèrè, wọ́n á tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde, èmi á sọ ọ́ di púpọ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Bíṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n kàn ti ṣọ́ọ̀bù ni. Inú ẹ̀ ń dùn nígbà tó wọlé. Ó ní òun rí ìkọ̀wé aláràbarà tí kọ̀ǹpútà mi ń kọ, òun pè ọ́, o ní Fúyẹ́ ni, o ní ìyá rẹ ń lò ó, kò sí ìṣòro kankan, pé ẹ ti kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé irú kọ̀ǹpútà yìí àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀ ti yege torí ìyá rẹ ti dán an wò. Ó ní òun ti gbé Fúyẹ́ sínú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Gbogbo wọn, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó ní wọ́n ń ṣí kíá, àwọn olùkọ́ ń pàtẹ́wọ́. Ó wá fa ṣòkòtò ẹ̀ sókè. Ó ní kìkì ohun tí kò yé òun ni pé kò séyìí tó rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú wọn, òun sì wá ìkọ̀wé aláràbarà náà títí, òun ò bá a níbẹ̀, kí n jọ̀ọ́ fi ibi tí mo ń tẹ̀ han òun, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò.

Ọmọ mi, mo jókòó, mi ò sì lè dìde mọ́. Mo kàn mú báírò, mo kọ orúkọ ẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ìwé. Ó jókòó sórí páálí ìwé tuntun tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, páálí rì mọ́ ọn nídìí, kò mọ̀. Ó ní ṣé gbogbo ẹ̀ náà ni. Mo ní gbogbo ẹ̀ ni. Ó ní òun ti lẹ káàdì ìgbéyàwó yẹn mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kí àwọn olùkọ́ lè máa rí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ̀wé. Kò bú mi, ó sì sàn kó bú mi kó tán. Ó ní ṣebí òun bi mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé báwo ni Fúyẹ́, tí mo ní ó wà dáadáa. Mo ní ṣebí ó kí mi ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn. Ìgbà wo ni ìkíni di ẹ̀rí? Bí ẹnì kan bá bi bàbá rẹ pé orúnkún ńkọ́, tó ní ó ń sàn, ṣé ẹ ó kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé kí wọ́n wá bá a sáré ìje? Onígíláàsì, n ò bá a wí, kò mọ̀ mí. Ìwọ tí mo bí, tí mo tọ́, o gbọ́ tí mo ní ó wà dáadáa, o ò bi ara rẹ pé dáadáa wo nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, mo fúnra mi pe Onígíláàsì. Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ tí Fúyẹ́ ti wọlé, kò tẹ ewé ìwé kan jáde rí. Ó wá ní wọ́n yọ ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń bá àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ sọ̀rọ̀ kúrò kó lè fúyẹ́ sí i, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń tẹ̀wé mọ́ láyé ìsinsìnyí, wọ́n fẹ́ dá a padà tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo ní kò sí ìṣòro. Mo ní kó tún un sọ. Ẹ ní àwọn kọ̀ǹpútà àgbà lẹ̀ ń ṣe é fún, ta lẹ wá rò pé àgbà ń bá gbé?

Ó ní bí mo bá ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún òun, gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀, wọ́n á dá a padà. Mo dorí ẹ̀rọ náà kodò, inki ya sí mi láṣọ, mo rí nọ́ńbà náà, àmọ́ mi ò kà á fún un. Bánkì ti kìlọ̀ fún wa pé ká má sọ nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kódà bó bá ní òun mọ̀ wá. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, tèmi àti ti ilé-ìwé. Awakọ̀ ń lọ lọ́sàn-án, mo ti ní kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ìwọ.

Kí Onígíláàsì gbọ́ ìdáhùn mi. Fúyẹ́ ń ṣí kíá, ó yá jù mí lọ. Ó ń kọ̀wé, ó ń tọ́jú ohun tí mo kọ, kò gbàgbé ìkankan. Kì í tẹ̀wé. Bó bá tún pè, kó má bi mí pé ṣé ó dáa. Kó ní Màmá, ẹ tẹ ewé kan jáde, kí lẹ rí. Ẹ sì pa ibi tí ẹ ti kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé mo dán an wò rẹ́, kí ìyá ẹlòmíràn má baà wà níbì kan báyìí tó ń fi rúlà kọ̀wé nítorí mi. Ọ̀gá Ilé-ìwé ní òun á dúró de ìpadàbọ̀ awakọ̀. Bí kò bá sí nǹkan, ọwọ́ ni mo máa fi kọ ìdánwò gbogbo kíláàsì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti ìṣirò torí àwọn òbìrìkìtì inú ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti wú, bàbá rẹ ń fi omi gbígbóná jó o.

Ti owó wá kù. Páálí ìwé ti bàjẹ́, inki ti dà, fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, tó o pè, tó o ní ṣé ó tó, tí mo ní ó tó, ó pọ̀ rẹpẹtẹ, Ọlọ́run á bù sí i, jọ̀wọ́ padà lọ gbé ìdáhùn yẹn yẹ̀ wò.

Wàá dàgbà, wàá dàgbà, ojú ò ní tì ọ́ níbi tó o bá ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yangàn. Olúwa á fún ọ ní etí tó ń gbọ́ ohun tí ẹnu ìyá rẹ ò lè sọ.

Èmi ni ìyá rẹ.