Títẹ̀ Ìparí Tó Máa Ń Fà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọjọ́ kẹfà rèé tí a kò gbọ́ nǹkan kan tó dájú lórí rédíò láti inú ọkọ̀ ojú omi tí àbúrò wa ń bá ṣiṣẹ́. Màmá ní kí n kí yín, kí n kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti tún ga.

Ẹ rántí pé Bàbá ló kọ́ àbúrò wa bí a ṣe ń fi títẹ̀ kúkúrú àti títẹ̀ gígùn lórí bọ́tìnì rédíò ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́, láìsí wáyà. Gbogbo títẹ̀ ìparí ọ̀rọ̀ ni àbúrò wa máa ń fà. "Ṣé o ń sùn lórí rẹ̀ ni, ọ̀lẹ?" ni Bàbá máa ń wí.

Láàárọ̀ àná, a gbọ́ lórí rédíò Bàbá tí ẹnì kan tẹ orúkọ ọkọ̀ náà, ó sì fa ìparí rẹ̀. Bàbá bú sẹ́kún: "Ọ̀lẹ mi nìyẹn!" Kí Bàbá tó fèsì, ariwo ti bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré lọ sí ọ́fíìsì èbúté tó wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ọkọ̀ náà. Òpó rédíò tiwọn ga, ó ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò dúró gba èsì. Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín.

Bàbá ní àbúrò wa ló tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́rìí sí i.