Pósí Tí A Kò Sin Mọ́ Yín

Bàbá mi, olówó orí Ìyá mi,

Ẹ kú ìsinmi o, bí ìsinmi bá wà níbi tí ẹ wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí sí yín, ojú ló ń tì mí. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé, mi ò sì mọ ẹni tó máa bá yín kà á lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ n ṣáà kọ ọ́. Bí mi ò bá tú u jáde, yóò pa mí.

Ìyá ń ṣàìsàn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tó máa ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀ o, eléyìí ti wọnú. Ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ni wọ́n ń mu, kì í sì í ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Ọkọ mi ti bá àwọn sọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kàdúná, nítorí náà mo ti kó padà sílé wa ní Ọ̀jọ́, èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Ní gbogbo àárọ̀ ni Ìyá máa ń ní kí n ṣí àpótí, kí n wo aṣọ funfun tí wọ́n rà sílẹ̀, bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yín ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí a sin wọ́n sí. Àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ràfíù àbúrò mi náà gbọ́ ọ, òun ló tilẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu jù. Ó ti fi Ìyá lọ́kàn balẹ̀ pé mọ́tò wà nílẹ̀, òun yóò gbé wọn dé Àjàṣẹ́ bí òun ṣe gbé yín.

Bí ó ṣe gbé yín! Bàbá, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó gbé Ìyá bí ó ṣe gbé yín, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ìdí rẹ̀ fún Ìyá tí kò ní pa wọ́n kí ọjọ́ wọn tó pé.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́dún Iléyá, kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi katakata wó oko àgbọn wa nítorí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń là lọ sí Àgbádárìgì? Bí a bá ń bọ̀, tí a dé bọ́dà, gbogbo èrò ọkọ̀ a jókòó lé ẹrù wọn bí adìẹ tó sàba. Àwọn obìnrin a ti fi ìró bo ìgò lọ́fínńdà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ó gbé aṣọ ọ̀pá mẹ́fà tí ẹ rà fún Ìyá lọ́wọ́, ẹ ó ní kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wò ó, kí wọ́n gba ti ìjọba. Ìyá á máa kùn láti ibẹ̀ dé Ọ̀jọ́. Èmi náà máa ń bú yín nínú mi, ẹ foríjì mí. Ní gbogbo bọ́dà yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Àwọn kan lára wọn a tilẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ wọn wá sí Ọ̀jọ́ kí ẹ tún un ṣe. Mo ṣì ń rí yín lójú mi, tí ẹ tẹ́tí sí táyà tó ń yí, tí ẹ ń dákẹ́ bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ fún yín, tí ẹ ó wá fi èdè Ègùn bú u bí kò bá dáa.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lẹ kú. Àfáà wa ti Ìbà ní kí a sin yín sí Ọ̀jọ́ kí ìrun àyìlá tó wọlé, ó ní ilẹ̀ Ọlọ́run kò ní bọ́dà. Èmi ni mo kọ̀. Èmi ni mo kígbe pé Àjàṣẹ́ ni baba mi ní kí a gbé òun lọ, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni yóò sùn sí. Ràfíù sì fò dìde, ó ní kò sí wàhálà. Ó ní òfin bọ́dà ni pé òkú kò gbọdọ̀ kọjá láìsí nínú pósí. Ẹnu yà wá. Ìmàle, pósí? Ṣùgbọ́n ta ló mọ òfin ìjọba méjì nínú wa? Ràfíù ló ń lọ tó ń bọ̀ ní Kútọnu, òun ló ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mùsíọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ní òun yóò san gbogbo ìnáwó nítorí pé baba Ràfíù, baba òun ni. A gbàdúrà fún Mùsíọ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní gbàdúrà fún un.

Pósí ò tètè dé. Láti Ọjọ́bọ̀ dé Àbámẹ́ta lẹ fi wà nílẹ̀, yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja ni a ń kó sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí òkú aládùúgbò ṣe wákàtí mẹ́ta nílẹ̀. Omi yìnyín ń ṣàn jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rùn bí ẹja, mo ń fi aṣọ nù ún, mo sì ń ki Ràfíù lójú gbogbo ènìyàn, mo ń pè é ní ọmọ tó bá baba kalẹ́. Olúwa mi o. Ẹnu yìí!

Nígbà tí a dé bọ́dà, ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kí a ṣí pósí. Ojú Ràfíù funfun. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Mo já bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, mo na ara mi lé pósí, mo sunkún débi pé ohùn mi há. Ẹkún tòótọ́ ni, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo mọ̀. Ẹkún yẹn ló mú ọ̀gá wọn jáde. Ó wò mí, ó dá mi mọ̀. Ó bi mí bóyá Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni mò ń sunkún lé lórí. Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fìlà. Ó bá ọmọ náà wí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé igi ojú ọ̀nà sókè fún wa. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àbí? Ẹ̀yin lẹ máa ń wí i. Orúkọ rere yín ni ọmọkùnrin yín fi ṣe páásì.

Ní Àjàṣẹ́, àwọn Àfáà ibẹ̀ ò fẹ́ rí pósí lójú. Wọ́n gbé yín jáde, wọ́n tẹ́ yín sínú ilẹ̀ nínú aṣọ funfun bí ó ti yẹ. Pósí òfìfo wà lára ògiri. Mo lọ síbẹ̀ láti mú ẹní yín tó wà nínú rẹ̀, kí n lè máa rí nǹkan yín lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé aṣọ ni mò ń rán fún àwọn ìyàwó sọ́jà ní bárékè, ojú mi ni tépù mi. Láti ìta, pósí yẹn dé ìbàdí mi. Mo na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi ò tíì wọlé tán tí mo fi kan pákó. Mo tún nà án. Pákó yẹn kan náà, bí ẹni pé ìsàlẹ̀ méjì ni pósí náà ní. Lábẹ́ òórùn káńfọ̀, òórùn mìíràn wà níbẹ̀, èyí tí mo mọ̀ dáadáa lára àwọn ọmọ ìta tó máa ń jókòó létí ọ̀sà. Igbó ni. Igbó tí wọ́n ń fà, tí ìjọba ń torí ẹ̀ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ. Mo yí ojú padà, Ràfíù ń wò mí. Mo ká ẹní yín, mo fi há abíyá. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin Mùsíọ̀ fi dé, wọ́n ní àwọn ń gbé pósí lọ fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó jẹ́ aláìní. Àánú wọn pọ̀, wọ́n kú iṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin tó sanra ló gbé pósí tí kò sí òkú nínú rẹ̀, iṣan ọrùn wọn ta.

Ṣé ó gún yín lẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà yẹn, Bàbá? Ṣé ẹ tilẹ̀ ti mọ irú iṣẹ́ tí Ràfíù ń ṣe kí ẹ tó kú? Kí ló fà á tí ẹ kì í jẹ búrẹ́dì tó ń gbé wá ní oṣù tó gbẹ̀yìn yẹn, tí ẹ ń ní eyín ń dùn yín, tí ẹ sì ń fi eyín kan náà jẹ àgbọn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Nígbà tí mo dá Ràfíù jókòó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tilẹ̀ tijú. Láti oko ní ìhà Oǹdó dé ọwọ́ rẹ̀, láti ọwọ́ rẹ̀ dé ọwọ́ Mùsíọ̀, láti Kútọnu wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílùú òyìnbó. Ó là á sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà. Lójú tirẹ̀, gbogbo Èkó ló ń jẹ owó epo, kò sí ẹni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe rí i, òkú kò sì mọ ohun tó sùn lé. Ó wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun sọ̀ kalẹ̀ nínú Pìjó rẹ̀ fún mi. Mo gbà á. Ẹ ṣépè fún mi bí ẹ bá fẹ́. Òun ni mo fi ń rán aṣọ di òní. Mo sì wọ léèsì lọ sí ìṣílé tó ṣe ní Okokomáìkò, mo jẹ, mo mu, mo jó.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé báyìí ni pé mo lọ sílé rẹ̀ yẹn lánàá láti gba oògùn Ìyá. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ tapólì, mo rí pósí. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Ó jìn bí ti àkọ́kọ́. Ìyá wa tí kò ga ju èjìká mi lọ, tó ṣì ń mu ẹ̀kọ, tó ṣì ń béèrè Ràfíù lọ́wọ́ mi!

Mo dá ìwé yìí dúró síbí ní Ọjọ́rú. Òní ni Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá, Ìyá ti kú. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n búra pé mo máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín. Mo fi Kùránì búra, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Lẹ́yìn àsùbáà Jímọ̀, mo ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, ni mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Nígbà tí n ó fi débẹ̀, ó ti parí.

Mi ò sunkún sókè, kí àdúgbò má baà gbọ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Àfáà ní Ìbà. Mo sọ fún un pé Ìyá ti yí ọkàn padà, pé Ọ̀jọ́ ni wọ́n ní kí a sin wọ́n sí. Mo purọ́ mọ́ òkú, òkú ìyá mi. Àfáà wò mí títí, ó wá dìde wọ bàtà rẹ̀. A wẹ̀ wọ́n, a fi aṣọ funfun wọn wé wọn, kòkòrò kankan ò jẹ ẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, Ìyá ti wà nínú ilẹ̀, lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ ti máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Nígbà tó di alásàrì ni Ràfíù dé, ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún un. Pósí wà lórí Pìjó. Ó béèrè Ìyá, mo nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó lọ síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú léèsì lọ́rùn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkàn mi bàjẹ́ fún un. Mo ní àbúrò mi ṣáà ni, ìyá wa ló kú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e dìde, ìgbà náà ni mo wá gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n hú Ìyá jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn Mùsíọ̀ ti ń retí ẹrù, ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró, wọn yóò pa òun.

Mo ní kó dìde kúrò lórí ìyá wa.

Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára léèsì, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà náà mi ò tíì gbúròó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà ò gbúròó rẹ̀. Bàbá, ẹ má fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mọ́. Ìyá ò bọ̀.

Èmi ọmọbìnrin yín, tí mo fẹ́ràn yín, tí mo sì ya ẹ̀yin àti Ìyá sọ́tọ̀.