Ìyàwó Wa Tó Di Adájọ́ Ijó Orí Yìnyín

                                                  District Heights,
                                                  Maryland,
                                                  Amẹ́ríkà.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin, 1998.

Abibat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún Iléyá o! Ṣé ẹran ò tíì tán nínú ìkòkò? Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọdún tiyín àti Àjíǹde tiwa bọ́ sí lọ́dún yìí, mo sì ń rò ó pé ká ní mo wà ní Ìbàdàn ni, ilé yín ni mi ò bá wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni Tàjùdéèn, baba àwọn ọmọ, wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́? Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó sórí símẹ́ǹtì tútù mọ́, nọ́ọ̀sì ọmọ wọn ló wí bẹ́ẹ̀. Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Iṣẹ́ ọsibítù ni kò jẹ́ kí n rímú mí. Òní ni wọ́n fún mi láyè, mo sì ti gbé tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ní ìwọ ni màá kọ̀wé sí kí oorun tó gbé mi lọ.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé ijó orí yìnyín tí ẹ wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà Òlíńpíìkì, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó borí, nígbà tí kò sí pé ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù wọlé. O ní Tàjùdéèn ní èrú ni gbogbo ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí ọ̀rọ̀ ijó yẹn ti wọ ilé wa. Ṣé o rántí Oyèníkẹ́, ìyàwó bọ̀dá mi Olúrótìmí, apòògùn tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ìwọ gan-an bá wa lọ gbé níyàwó ní Mọ́kọ́lá? Òun ló ti di adájọ́ ijó orí yìnyín. Má tíì pariwo, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọlámipọ̀sí, àkọ́bí wọn, ló ní òun fẹ́ kọ́ ijó náà. Bàtà tí irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀bẹ ni wọ́n ń wọ̀. Tí àwọn ọmọ bá ń kọ́ ọ, àwọn ìyá yòókù á jókòó sínú yàrá tó móoru, wọ́n á máa mu kọfí lẹ́yìn gíláàsì. Ìyàwó wa ní tiẹ̀ á lọ dúró sétí yìnyín, á ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, á máa wò. Kò pẹ́ tí ijó fi sú Ọlámipọ̀sí, ó ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló wu òun. Ìyá ẹ̀ ni kò sú. Ọmọ ti kúrò níbẹ̀, ìyá ṣì ń lọ! Tó bá ti jáde ní ilé oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Riverdale Park lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ló ń gbà kó tó lọ sílé ní Lake Arbor. Bọ̀dá mi á pè mí lórí fóònù, á ní, "Rọ́láyọ̀, ṣé orí ìyàwó yín yìí pé báyìí?"

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Anna, tó ti ń ṣe adájọ́ ijó náà látìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ó ti ń ṣọ́ ìyàwó wa. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé nínú àwọn ọmọ tó ń jó lọ́wọ́, ta ló dáa jù? Ìyàwó wa nawọ́ sí ọ̀kan, ó sì sọ ìdí. Anna ní, "Wá máa bá wa jókòó."

Bó ṣe di ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn àwọn adájọ́ gidi ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí. Òun náà á kọ máàkì tirẹ̀, àmọ́ wọn ò ní kà á mọ́ ti ìdíje, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Tí gbogbo ẹ̀ bá parí, wọ́n á gbé tirẹ̀ wé ti àwọn àgbà. Tó bá ń jọ tiwọn, wọ́n á sọ ọ́ di adájọ́. Tí kò bá jọ, á máa ṣàlàyé.

Èsì ìbéèrè rẹ nìyí. Máàkì méjì ni adájọ́ kọ̀ọ̀kan ń fún oníjó: ọ̀kan fún fífò àti yíyí, ọ̀kan fún bí ijó ṣe dùn ún wò sí, tó sì bá orin mu. Mẹ́fà ló ga jù. Ṣùgbọ́n wọn kì í ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ o. Ohun tí máàkì ń sọ ò ju pé adájọ́ yìí fi ẹni báyìí ṣe ìkíní, ó fi ẹni báyìí ṣe ìkejì. Ẹni tí adájọ́ tó pọ̀ jù bá fi ṣe ìkíní ló gbégbá orókè. Ó dáa lójú, àbí? Àmọ́ wo ibi tó ti dojú rú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jó, wọn kì í fún un ní máàkì gíga, kí àyè má bàa tán fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Adájọ́ tó bá sì dá yàtọ̀ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́, wọn kì í pè é mọ́, nítorí náà oníkálùkù á máa rò ó lọ́kàn pé kí ni ẹnìkejì máa kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ni ìdíje ti mọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán lọ sókè òkun. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gba rìbá, sọ fún Tàjùdéèn. Wọ́n kàn máa ń dárúkọ ọmọ náà níbi tí adájọ́ ti ń jẹun ni.

Mo fi ojú mi rí i. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún méjì sẹ́yìn, bọ̀dá mi rìnrìn àjò, èmi ni mo wa ìyàwó wa lọ sí ìdíje ńlá kan. Òun ni ìdíje tó yẹ kó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Tó bá yege níbẹ̀, adájọ́ ti dé nìyẹn. Láàárọ̀, nínú hòtẹ́ẹ̀lì, a jókòó ti tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn adájọ́, ni ọkùnrin kan báyìí nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ferris, bá gbé kọfí rẹ̀ wá. Ó kí gbogbo wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó wá ní, "Ẹ bá mi wo Jessica dáadáa o. Òun la fẹ́ kó lọ ṣojú wa lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ní bójú mu kó lọ sọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ó gba ipò kìíní nílé."

Gbogbo wọn mi orí. Ìyàwó wa ń ro ṣúgà pọ̀ nínú tíì ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. A óò wo gbogbo wọn."

Ẹni tó kọ́kọ́ jó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Maribeth, láti ìlú kékeré kan lórí òkè ní West Virginia. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Aṣọ ọrùn rẹ̀, ó hàn pé ìyá rẹ̀ ló rán an. Abibat, ọmọ yẹn fò! Ó fò, ó yí lójú òfuurufú, ó sì balẹ̀ láìsí ariwo, bí ẹni gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló bọ́ sí i. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo dìde, mo ké "Yéè!", gbogbo òyìnbó yíjú wò mí. Nígbà tí wọ́n pe máàkì, ó wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n ń fi àyè sílẹ̀.

Jessica ló jó kẹ́yìn. Mi ò ní purọ́, ọmọ náà lẹ́wà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí omi. Ṣùgbọ́n ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, òun ló gba ipò kìíní. Maribeth ṣe ìkẹrin.

Lẹ́yìn ìdíje, àwọn adájọ́ àti ìyàwó wa wọ yàrá láti gbé máàkì wé ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Anna tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Rẹfirí, olórí àwọn adájọ́, Ìyáàfin Lindqvist, wo máàkì ìyàwó wa. Ìyàwó wa fi Maribeth ṣe ìkíní, ó fi Jessica ṣe ìkarùn-ún. Rẹfirí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó fẹ́ràn ìyàwó wa, ó sì fẹ́ yọ ọ́. Ó ní, "Ìyàtọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Bóyá ńṣe lo ṣi nọ́ńbà kọ? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ, màá gbà á ní àṣìṣe, a ó sì máa bọ́rọ̀ lọ."

Ìlẹ̀kùn tó ń wá kiri ló ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀ yẹn. Àwọn Sátidé tó fi jókòó nínú òtútù, ìsinmi ibi iṣẹ́ tó ń lò síbẹ̀, gbólóhùn kan péré ló kù.

Ó ní, "Rárá, mà. Mi ò ṣi í kọ. Jessica ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Maribeth ò ṣubú, kò sì sẹ́ni tó fò tó o."

"Jessica ní ẹwà tí ọmọ yẹn ò ní."

"Mo gbà, mà. Ìdí nìyẹn tí máàkì ẹwà tí mo fún un fi ga. Ṣùgbọ́n ẹwà náà ò dì í mú kó má ṣubú."

Ìyáàfin Lindqvist wọ gíláàsì rẹ̀ padà, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní ó ti parí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ohun tí ìyàwó wa sọ ò ju, "Adúmáadán, ẹ máa wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́." Orúkọ tó fún mi nìyẹn látìgbà tó ti wọlé wa. Bọ̀dá mi gbọ́rọ̀ náà, inú bí i. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kàn sọ pé o ṣi í kọ? Máàkì tí wọn ò kà!" Ìyàwó wa ní, "Dádì Pọ̀sí, tí mo bá sọ pé mo ṣi í kọ, ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ yẹn ò jó dáadáa. Ó sì jó." Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé títí dòní, Maribeth ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fi òun ṣe ìkíní.

Wọn ò sọ ìyàwó wa di adájọ́. Anna ló pè láti sọ fún un pé ìgbìmọ̀ tó ń yan adájọ́ ní kó tún kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan sí i, kó "mọ bí àwọn àgbà ṣe ń wò ó." Ó dùn ún gan-an. Kò lọ síbi yìnyín mọ́, kóòtù rẹ̀ kàn so rọ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó padà sẹ́gbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa rò pé ó ti tán. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, Anna wakọ̀ wá sílé wọn. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó tún bèèrè òmíràn, ó wá nu ọwọ́. Ó ní, "Níkẹ̀ẹ́, tí o bá kúrò, wọ́n á fi ẹni tó ń wojú ẹlòmíràn síbẹ̀. Irú wọn ti pọ̀ tó." Kò bẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó wa mú kóòtù ẹ̀.

Ó tún jókòó sẹ́yìn wọn fún ọdún kan gbáko. Nígbà mìíràn, máàkì rẹ̀ á bá ti wọn mu, inú rẹ̀ kì í dùn jù. Nígbà mìíràn kò ní bá a mu, kì í bẹ̀bẹ̀. Tí wọ́n bá bi í, á sọ ohun tó rí, láìbínú, láìgbéraga, á sì dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn adájọ́ gidi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a níbi ìgbọ́kọ̀sí pé, "Kí lo rí nínú yíyí ọmọ yẹn tí mi ò rí?" Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ferris ní obìnrin yìí ò ní jẹ́ ká simi. Ìyáàfin Lindqvist ló dìde fún un. Ó ní, "Èmi àti ẹ̀ kì í fìgbà gbogbo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bi í ní 'kí ló dé' kó má rí ohun sọ." Wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ní ìparí oṣù tó kọjá ló kọ́kọ́ jókòó bí adájọ́ gidi, níbi ìdíje àwọn ọmọdé. Èmi náà ni mo wa á lọ. Ó wé búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹsẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló wá jó lọ́jọ́ yẹn, àtẹni tó mọ̀ ọ́n, àtẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Joshua ló fi ṣe ìkíní. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, ipò kẹta ni àwọn yòókù gbé e sí.

Nínú ọkọ̀ mo bi í pé, "Kò dùn ọ́?"

Ó ní, "Àwa méje la jókòó, Adúmáadán. Àwọn mẹ́fà náà ní ojú. Tèmi ni mo ṣe." Ó wá ní kí n yà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín, pé ebi ń pa òun.

Abibat, látìgbà tí a ti gbé obìnrin yìí wọlé, òun ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi, òun ló ń dìde fún mi, nítorí èmi ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí a dé Lake Arbor lọ́jọ́ náà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí gba iwájú ọkọ̀ kọjá, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ó pariwo, "Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ mi!" Mo ní kó dákẹ́, kó sọ̀ kalẹ̀. Mo di ìlẹ̀kùn náà mú títí ó fi jáde.

Bá mi kí Tàjùdéèn àti Màmá, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o sì kí Bísí tí ẹ bá pàdé. Ìyàwó wa ní kí n kí ọ, bọ̀dá mi náà sì ń kí ọ.

Èmi ni, tìrẹ látọjọ́ tí a ti jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà,

Morọ́láyọ̀.