Oríkì Tí Mo Hun fún Ọmọbìnrin Inú Kọ́míìkì Ni Bàbá Mi Fẹ́ Gbé Lọ Sílé

Mo pa irọ́ mọ́ òkú, irọ́ náà sì fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Nàìjíríà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí, mo sì ti bá yín bú ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ má fọwọ́ rọra mú mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, kì í ṣe àánú.

Kọ́míìkì ni mo ń kọ, irú èyí tí àwọn èèyàn ń kà lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń yàwòrán. Akọni wa ń jẹ́ Alágbádá. Ní ọjọ́ lásán, ó ń ta àgádágodo àti ìṣó ní Lagos Town níbí ní Accra. Tí wàhálà bá dé, á gbé agbádá baba rẹ̀ wọ̀, ọta ìbọn ò ní ràn án mọ́, àdá ò ní wọlé. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè fò láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ká apá agbádá sórí èjìká, ti òsì ná, kó tó wá kan ti ọ̀tún, nígbà tó bá sì fi máa parí, olè ti wọ bọ́ọ̀sì tròtrò ní ibùdókọ̀ Circle, ó ti sanwó, ó ti gba ṣéńjì. Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. Ní Nàìjíríà, alágbádá ni wọ́n ń pe àwọn olóṣèlú, nítorí náà kò sẹ́ni tó retí pé kó gba ẹnikẹ́ni là ní tòótọ́.

Nígbà tó di ọdún kẹfà, olóòtú wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní Alágbádá ti darúgbó, pé àwọn tó ń kà á ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ká gbé aṣọ náà fún ọmọdé. Bí a ṣe dá Dede sílẹ̀ nìyẹn: ọmọ ọdún méjìlélógún, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gã, bàbá rẹ̀ jẹ́ Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, bíi tèmi, ó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri Accra, ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro wá ni bí aṣọ ṣe máa kúrò lọ́rùn ẹnìkan dé ọrùn ẹnìkejì. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé Alágbádá kú, aṣọ já bọ́, Dede mú un. Olóòtú ní ṣé akọni lèyí ni, àbí ẹni tó ń jí aṣọ lórí okùn? Òótọ́ ló sọ. Mo wá ronú pé nílé tiwa, aṣọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń sọ èèyàn di ẹni ńlá, wọ́n máa ń kì í ni, kí orí rẹ̀ lè wú. Mo ní kí Alágbádá jókòó, kí Dede kúnlẹ̀, kí àgbà náà kì í ní oríkì ilé, ìlà kan fún àwòrán kan, àwòrán mọ́kànlá, tó bá fi máa dé ìkẹyìn, agbádá á fúnra rẹ̀ kúrò lọ́rùn àgbà, á lọ bá ọmọ.

Oríkì ilé ta ni? Ti ilé wa nìkan ni mo mọ̀... mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kaneshie nítorí pé ọjà Kaneshie ni wọ́n ti ń ta aṣọ, ló pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ọdún tó ṣáájú ikú wọn. Wọ́n ní kí n tan fóònù mi, kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀. Wọ́n kì wá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ ọ́n tán ti padà sílé nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àjèjì máa lọ, pé àwọn fúnra wọn nìkan ló kù. "Bàbá rẹ ò mọ̀ ju ìlà mẹ́ta lọ, bọ́ọ̀lù ló ń lé kiri nígbà tí wọ́n bá ń kì wá nílé. Ìwọ má jẹ̀ẹ́ kó sọnù." Mo ní ẹ̀n, mà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo lọ pààrọ̀ fóònù ní Circle, ẹni tó gba ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú mi, èmi ń dúnàádúrà, mi ò tiẹ̀ rántí. Màmá ti wà nínú ilẹ̀ nígbà náà.

Nítorí náà, ìlà bíi márùn-ún ló kù lórí mi, àwòrán sì jẹ́ mọ́kànlá. Mo hun ìyókù. Mo lọ sí yunifásítì, mo mọ bí oríkì ṣe ń dún: ẹ ṣáà fi "ọmọ" bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dárúkọ ẹranko tàbí ogun, kí ìparí rẹ̀ má yé èèyàn púpọ̀. Mo kọ "Ọmọ a-ká-apá-aṣọ-lé-èjìká kí ogun tó wọ̀lú" nítorí Alágbádá. Mo kọ "Ọmọ a-gun-irin-bí-ẹni-gun-ẹṣin" nítorí ọ̀kadà Dede. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó jáde, àwọn èèyàn sunkún lórí fóònù wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ lò ó nínú iṣẹ́ àṣekágbá òun lórí àṣà. Èmi tí mo máa ń fi àwọn olóyè ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ra ìtàn ìdílé bí ẹni ń ra tòmátò... mo dá a lóhùn pé kò burú.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ ìyàwó àbúrò mi bímọ ọkùnrin. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, bàbá mi ní kí n mú ohùn Màmá Kaneshie wá, pé àwọn fẹ́ kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ilé. Ṣé kí n wá sọ pé mo ti gbé e fún ẹni tó ń pààrọ̀ fóònù? Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ohùn náà ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo ti dà á kọ sílẹ̀ kó tó bàjẹ́. Mo jókòó, mo yọ àwòrán kúrò, mo yọ orúkọ Dede kúrò, mo tẹ ọ̀rọ̀ tó kù sórí bébà, mo gbé e fún wọn. Níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, bàbá mi wọ gíláàsì, wọ́n kà á sí ọmọ létí, nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹrin wọ́n dúró, wọ́n nu ojú. Ẹnìkan ní Màmá ò kú. Mo jẹ ẹran níbẹ̀. Mo jẹ méjì.

Oṣù kẹrin rèé. Bàbá ti lọ fi rọ́bà bo bébà náà kí omi má bàa bà á jẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kì ọmọ náà kí wọ́n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tiẹ̀ ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò. Wọ́n ní irin tí a ń gùn yẹn, ọkọ̀ ojú irin ni, pé ó fi hàn gbangba pé bàbá àwọn ti ṣiṣẹ́ rélùwéè kí wọ́n tó wọ Ghana. Ọ̀kadà ni. Ọ̀kadà Dede ni...

Àbúrò mi ti mọ̀. Ó ń ka kọ́míìkì mi lọ́jọ́ kan, ó bá Dede lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi lórí wàsáàpù: Bùọ̀dá, kí lèyí? Mo ní oríkì wa ni mo fi sínú iṣẹ́ mi, kí ló burú níbẹ̀? Ó ní, "Ṣé Màmá Kaneshie mọ Alágbádá ni?" Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọmọ sí èjìká wá bá mi, ó ní òun ò ní sọ fún bàbá, èmi ni kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ òun ni wọ́n ń rọ ọ̀rọ̀ yìí sí létí, òun fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti olóòtú mi. Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tán mọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Yàtọ̀ sí ti apá aṣọ àti ti irin, àwọn ìlà kan wà tí mo rò pé èmi ni mo hun wọ́n, tí wọ́n sì ń dún bí ohùn Màmá, àwọn kan sì wà tí mo lè búra pé ti Màmá ni, tí mo bá tún rò ó, mi ò lè búra mọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè dúró mọ́ nìyí. Ẹnìkan láti ìlú wa ní Nàìjíríà ló wá wa kàn lórí wàsáàpù. Ó ní agboolé bàbá bàbá mi ṣì wà, pé Mọ́gàjí ń béèrè àwọn tó kù sí Ghana. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì kan ti wá rí, tí wọ́n pe ara wọn ní ọmọ ilé torí kí wọ́n lè ta ilẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá dé báyìí, àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á ní kó kì ilé. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ìyẹn nìkan ni? Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n. Accra ni wọ́n bí wọn sí, Alátà ni Accra ń pè wọ́n láti kékeré, wọn ò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá lọ ni kí ẹni tí kò rí wọn rí sọ fún wọn pé ẹ káàbọ̀ sílé. Tí wọ́n bá wá gbé bébà mi jáde níwájú àwọn àgbà yẹn... ẹ wò ó, mi ò lè parí rẹ̀.

Mo ti rò ó pé kí n bá ọkùnrin wàsáàpù yẹn sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, kó fi oríkì tòótọ́ ránṣẹ́, kí n wá sọ fún bàbá pé ohùn Màmá ti padà. Irọ́ mìíràn nìyẹn, ọkùnrin náà á sì mọ̀ pé a ò mọ ilé wa. Lánàá mo lọ bá bàbá láti jẹ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Wọ́n rò pé mo wá dúpẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni, mi ò mọ̀ pé méjì ni wọ́n rà. Wọ́n ní, "Dìde, dìde. Ìwọ ni wàá kì í níbẹ̀. Ìwọ ni Màmá gbé e lé lọ́wọ́, ohùn tèmi ò jálẹ̀ mọ́."

Lówùúrọ̀ yìí wọ́n pè mí pé ká jọ gbé e yẹ̀ wò, kí ọ̀rọ̀ wa má bàa takora níwájú Mọ́gàjí. Wọn ò mú bébà lọ́wọ́. Wọ́n di ojú, wọ́n kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá, wọ́n wá bi mí bóyá àwọn ṣì í níbìkan. Mo ní, "Ẹ ò ṣì í, bàbá." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí bàbá yín ṣì wà láyé, mo ní láti padà lọ bá wọn kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?