Ẹ̀rí tí Fúnmi Jẹ́ Nípa Akika

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́, Ọ̀tà.

Fúnmi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, gbogbo ìjọ sì pariwo halelúyà. Ó ní omi odò lásán, tí itọ́ àti ìdọ̀tí ara ẹran máa ń bọ́ sí, lòun bù, àyẹ̀wò DNA, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ, sì fi hàn pé akika, ẹran onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, ṣì wà nínú igbó ẹ̀yìn Àtàn.

Omi lásán! Èmi tí mo ti ń fẹsẹ̀ rin igbó yẹn láti ọdún pípẹ́ wá ńkọ́? Mo mọ ihò tí wọ́n ń sùn sí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn ọdẹ. Ta ló ṣe halelúyà fún mi?

Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, kí n má purọ́. Kò da ẹran kankan láàmú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí pẹpẹ yẹn...

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ṣọlá, ọdẹ, wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Apá ibo nínú igbó yẹn gan-an?"

Inú Fúnmi dùn, ó ṣàlàyé fún un títí dé etí odò.

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí. Ǹ bá ti já lu ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ mo ṣì ń retí kí ẹnì kan bọ èmi náà lọ́wọ́.